Oògùn hydroxyurea fún ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde: ohun tí nọ́ọ̀sì ń ṣọ́, àti ohun tí ará ilé náà gbọ́dọ̀ máa ṣọ́

Ìbéèrè kan wà tí àwọn nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àwọn tó ní fòníkú-fọ̀ladìde máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá: "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ka ìwé tó wà nínú páálí oògùn tẹ́ ẹ fún wa yìí. Oògùn jẹjẹrẹ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ṣé ọmọ mi ti ní jẹjẹrẹ ni?"

Rárá o, ọmọ náà kò ní jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó béèrè kò ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Oògùn jẹjẹrẹ ni hydroxyurea lóòótọ́ nígbà tó kọ́kọ́ jáde. Ní 1967 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún ìtọ́jú jẹjẹrẹ, wọ́n sì ń lò ó títí dòní fún àwọn oríṣi jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ kan. Ó tó ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà, ní 1998, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i fún àgbàlagbà tó ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ó sì di 2017 kí wọ́n tó fọwọ́ sí i fún ọmọdé tó ti pé ọmọ ọdún méjì. Oògùn kan náà ni, iṣẹ́ méjì ló ń ṣe.

A kọ àlàyé yìí nítorí àwọn ìdílé tó wà ní agbègbè wa, láti Ìkòrò àti Ìjerò dé Àrámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tí wọ́n ti fún lóògùn yìí tàbí tí wọ́n máa tó fún. Oògùn tó dára ni. Àmọ́ kì í ṣe oògùn tí wọ́n ń gbé fúnni kí oníkálùkù máa lọ sílé. Ìtọ́jú tó yí i ká ló ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́ láìpani lára, ọ̀pọ̀ nínú ìtọ́jú náà ló sì jẹ́ pé inú ilé yín ni yóò ti wáyé, níbi tí nọ́ọ̀sì kò sí.

Kí ló ń ṣe nínú ẹ̀jẹ̀?

Àwọn àgbà wa ti mọ àìsàn yìí tipẹ́. Àwọn kan ń pè é ní arọmọléegun, nítorí pé inú eegun ni ìrora rẹ̀ ti máa ń mú ọmọ. Àwọn mìíràn ní fòníkú-fọ̀ladìde ni, nítorí pé ẹni tó dà bí ẹni tó fẹ́ kú lónìí lè dìde lọ́la kó máa ṣeré. SS ni wọ́n máa ń kọ sínú ìwé àyẹ̀wò. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tó yẹ kó rí roboto kó sì rọ̀, ló máa ń tẹ̀ bíi dòjé tó sì máa ń le. Tí irú wọn bá kóra jọ nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tóóró, wọ́n á dí ọ̀nà, ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá sì dé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọmọ. Ìyẹn là ń pè ní kíráísì. Sẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ yìí kì í pẹ́ kú, ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ fi máa ń dín lára wọn.

Gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe sọ, nǹkan bí ọmọ 150,000 ni wọ́n ń bí pẹ̀lú àìsàn yìí ní Nàìjíríà lọ́dọọdún. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn tí tirẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí lórí rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ agbègbè wa níbí: Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéyínká Fálúsì, ọmọ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, tó sì gba àmì-ẹ̀yẹ L'Oréal-UNESCO fún àwọn obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní 2001.

Ní ti oògùn náà, nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú ìyá rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń lò yàtọ̀ sí ti àgbàlagbà. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ inú yìí, tí wọ́n ń pè ní HbF, kì í tẹ̀ bíi dòjé. Ìdí nìyẹn tí ara ọmọ SS fi máa ń dá ní oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bí i, tí ìyá rẹ̀ á máa rò pé kò sí nǹkan kan. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ọmọ inú bá ń tán lọ ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Hydroxyurea máa ń jẹ́ kí ara padà máa ṣe ẹ̀jẹ̀ ọmọ inú yẹn. Bó bá ṣe ń pọ̀ sí i nínú sẹ́ẹ̀lì, bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì kò ní lè tètè tẹ̀.

Ẹ̀rí wà fún èyí. Ní 1995 ni èsì ìwádìí kan jáde, tí wọ́n ṣe fún àgbàlagbà 299 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà: kíráísì àwọn tó lo oògùn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì. Àwọn kan ní ìyẹn dára fún òyìnbó, àmọ́ níbi tí ibà pọ̀ sí bíi ti wa ńkọ́? Ṣé oògùn tó ń fa ọwọ́ àwọn ọmọ ogun ara sẹ́yìn kò ní jẹ́ kí ibà pa àwọn ọmọ? Wọ́n bá ṣe é fún ọmọ 606 ní Àǹgólà, Kóńgò, Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà. Èsì tó jáde ní 2019 fi hàn pé ìrora dín kù, gbígba ẹ̀jẹ̀ sára dín kù, ikú dín kù, ibà gan-an sì dín kù. Ní Kánò àti Kàdúná níbí, wọ́n fún ọmọ 220 tí àyẹ̀wò orí wọn fi hàn pé rọpárọsẹ̀ lè tètè mú wọn. Èsì tiwọn jáde ní 2022: ìwọ̀n oògùn tó kéré dáàbò bo ọpọlọ wọn bíi ti èyí tó pọ̀ jù ú lọ. Ìyẹn ṣe pàtàkì fún ẹni tí owó oògùn ń dààmú. Ilé iṣẹ́ Bond Chemical ní Awẹ́, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, sì ti ṣe hydroxyurea jáde nílé wa níbí, kò pọn dandan kó ti òkè òkun dé.

Kì í ṣe oògùn ìrora

Ibí ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń kọsẹ̀, ó sì yẹ ká tẹnu mọ́ ọn dáadáa. Tí kíráísì bá dé lóru òní, hydroxyurea kò ní í dá a dúró. Ó máa ń tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà kéèyàn tó rí iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ìyá tó fún ọmọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí kíráísì ṣì wá, á ní oògùn náà kò ṣiṣẹ́, á sì jù ú sí kọ́bọ́ọ̀dù. Òmíràn lò ó fún ọdún kan, ara ọmọ yá, kò gba ẹ̀jẹ̀, kò sùn sí ọsibítù, ó wá ní ọmọ òun ti bọ́, ó dá a dúró. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n ti padà sí wọ́ọ̀dù. Kì í wo àìsàn náà tán. Ó ń dá a lẹ́kun ni, bó bá sì kúrò, àìsàn á padà wá.

Oògùn ojoojúmọ́ ni, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, ní àkókò kan náà. Ó dára kẹ́ ẹ fi sí alẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ, pàápàá tí inú ọmọ bá máa ń rú. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé ti òní, ẹ fi ti òní sílẹ̀, kẹ́ ẹ fún un ní ti ọ̀la nìkan. Ẹ má fún un ní méjì pọ̀.

Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé dókítà máa mọ̀ tí ẹ kò bá lò ó. Nínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ FBC, nọ́ńbà kan wà tí wọ́n ń pè ní MCV, tó ń sọ bí sẹ́ẹ̀lì pupa ṣe tóbi tó. Hydroxyurea máa ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì náà tóbi sí i. Tí oṣù mẹ́fà bá kọjá tí MCV kò yí padà, nọ́ọ̀sì á rọra béèrè pé, "Ẹ sọ òótọ́ fún mi mà, ṣé ọmọ ń lo oògùn yìí?" Kò fẹ́ bá yín jà. Tí kò bá mọ̀ pé ọmọ kò lò ó ni wọ́n á ṣe fi kún ìwọ̀n oògùn, ìyẹn gan-an ló léwu.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ìdajì oògùn

Inú mùdùnmúdùn eegun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Hydroxyurea máa ń fa ọwọ́ iṣẹ́ yẹn sẹ́yìn díẹ̀. Tí ó bá fà á jù, sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá àrùn jà á kéré jù, plátílẹ́ẹ̀tì tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì á kéré, PCV náà á já wálẹ̀. Èèyàn kì í mọ̀ ọ́n lára ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ á máa ṣeré, á máa jẹ iyán, nígbà tí àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀ ti ń tán lọ. Láàbù nìkan ló lè sọ.

Nítorí náà, kí wọ́n tó fún ọmọ ní ẹyọ kan, nọ́ọ̀sì á wọn ìwúwo rẹ̀, á rí i pé wọ́n ti ṣe FBC àti àyẹ̀wò kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀. Ara ìwúwo ni wọ́n ti ń ṣírò ìwọ̀n oògùn, torí ẹ̀ má sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ń lo 500, ẹ jẹ́ kí àbúrò máa lò ó." Ọmọ tó ń dàgbà gbọ́dọ̀ máa gun òṣùwọ̀n nígbà gbogbo tó bá dé kíláńíìkì, torí oògùn èṣí lè ti kéré fún un lọ́dún yìí. Lẹ́yìn tó bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa ṣe FBC ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin síra wọn títí ìwọ̀n oògùn á fi fìdí múlẹ̀, lẹ́yìn náà, ní oṣù méjì sí mẹ́ta.

Tí èsì bá fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì funfun tàbí plátílẹ́ẹ̀tì ti kéré jù, wọ́n á ní kẹ́ ẹ dá oògùn dúró fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n tún ṣe àyẹ̀wò, kó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kíyẹn já yín láyà. Bí wọ́n ṣe ń lò ó nìyẹn.

A mọ̀ pé owó àyẹ̀wò kò rọrùn. Ará ilé lè máa rò pé, tí owó kò bá tó nǹkan méjèèjì, kí wọ́n kúkú ra oògùn kí wọ́n fo àyẹ̀wò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà tàbí nọ́ọ̀sì gbangba pé bí owó ṣe rí nìyí. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n á gba èsì láàbù tó sún mọ́ ilé yín, kẹ́ ẹ má baà máa san owó ọkọ̀ dé Federal Teaching Hospital ní Ìdó-Èkìtì tàbí EKSUTH ní Adó nítorí FBC nìkan. Kẹ́ ẹ tọ́jú gbogbo èsì sínú fáìlì kan ṣoṣo, bó ṣe tẹ̀ léra.

Ọwọ́ ẹni tó ń fún ọmọ lóògùn

Oògùn yìí kì í ṣe ohun tí gbogbo ọwọ́ ń fọwọ́ kàn. Ní wọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀sì máa ń wọ ìbọ̀wọ́ kó tó mú un. Nílé náà, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, tàbí kẹ́ ẹ da kápúsù sínú ìdérí ìgò kẹ́ ẹ ti ibẹ̀ dà á sẹ́nu ọmọ, kẹ́ ẹ sì fọ ọwọ́ dáadáa kẹ́ ẹ tó fún un àti lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá fún un tán. Ẹ má ṣí kápúsù, ẹ má lọ̀ ọ́, ẹ má bù ú sí méjì. Tí ọmọ kò bá lè gbé kápúsù mì, ẹ sọ fún wọn ní ọsibítù. Apoògùn ibẹ̀ ló mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ di olómi.

Aboyún kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan kápúsù tó ti ya rárá, nítorí oyún tó wà nínú rẹ̀. Tí ó bá jẹ́ pé ìyá ọmọ ló lóyún, ó sàn kí bàbá tàbí ìyá àgbà máa fún ọmọ lóògùn. Tí èròjà inú rẹ̀ bá dà sílẹ̀, ẹ fi tíṣù tútù nù ún, ẹ dì í sínú ọ̀rá kẹ́ ẹ tó jù ú nù, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a kó má baà fẹ́ sókè. Èébì ọmọ, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ náà, ìbọ̀wọ́ ni kẹ́ ẹ fi kó o. Kẹ́ ẹ gbé oògùn náà sí ibi gbígbẹ tí kò gbóná, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó.

Ibà kì í ṣe ọ̀rọ̀ dúró-ná

Bí ẹ ó bá gbàgbé gbogbo ohun tẹ́ ẹ kà, ẹ má gbàgbé èyí. Ẹ ra tẹmómítà. Tí ara ọmọ bá gbóná dé 38°C tàbí jù bẹ́ẹ̀, ọsibítù ni, ọjọ́ náà, bó ṣe òru bó ṣe ọ̀sán. Ẹ má kọ́kọ́ lọ ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì kẹ́ ẹ máa wo bó ṣe máa rí lọ́la. Ó lè jẹ́ ibà lásán. Ó sì lè jẹ́ kòkòrò àrùn tó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Àìsàn SS fúnra rẹ̀ ti sọ ara ọmọ di aláìlágbára sí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀. Tí sẹ́ẹ̀lì funfun bá tún kéré, ó lè pa á láàárín ọjọ́ kan. Tẹ́ ẹ bá dé ọsibítù, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa sọ ni pé: "SS ni, ó ń lo hydroxyurea." Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò ibà àti FBC.

Bákan náà ni tí àyà bá ń dùn ún tàbí tí kò lè mí dáadáa, tí ojú rẹ̀ tàbí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bá ṣàdédé funfun, tí abẹ́ ìhà òsì rẹ̀ bá wú, tí ẹnu bá wọ́ tàbí tí apá kan bá rọ, tí ara rẹ̀ bá ń léròrò tàbí tí imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Fún àwọn ọkùnrin, tí nǹkan ọmọkùnrin bá le tí kò sì rọ̀ fún ohun tó ju wákàtí méjì lọ, kí ó má tijú, kó sọ fún òbí rẹ̀. Ìtìjú yìí ti ba ayé ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin jẹ́.

Àwọn àyípadà kan wà tí kò léwu bẹ́ẹ̀. Èékánná lè dúdú, awọ ara lè ṣú díẹ̀, irun lè máa rẹ̀. Tí ẹnu bá ní egbò, kó máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí iyọ̀ díẹ̀ wà nínú rẹ̀ yọ ẹnu, kẹ́ ẹ sì sọ fún nọ́ọ̀sì, torí egbò ẹnu tó pọ̀ lè jẹ́ àmì pé sẹ́ẹ̀lì ti kéré jù.

Ní ti ìwé inú páálí tó ní oògùn yìí lè fa jẹjẹrẹ: ìkìlọ̀ náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ti tẹ̀ lé fún ọ̀pọ̀ ọdún láàárín àwọn tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, kò tíì hàn lára wọn pé jẹjẹrẹ mú wọn ju àwọn tí kò lò ó lọ. Ohun tí ojú rí ni pé àwọn tó ń lò ó déédéé ló ń pẹ́ láyé jù.

Àwọn oògùn tó bá a rìn, àti àgbo

Hydroxyurea kò ní kí ẹ fi Folic acid sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ní kí ẹ fi Paludrine tàbí penicillin sílẹ̀ tí dókítà bá ti kọ ọ́ fún ọmọ. Omi mímu náà ńkọ́? Kí ọmọ máa mu ún dáadáa, pàápàá tí inú bá ń ṣu ú. Òtútù sì máa ń mú kíráísì wá. Ẹni tó ń gbé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè mọ bí òwúrọ̀ ọyẹ́ ṣe ń rí lórí òkè yẹn. Ẹ fi sókì àti súwẹ́tà sí ọmọ lára kó tó jáde. Tí ilé ìwé bá sì ń kó wọn lọ ṣeré ní Ìkògòsì, kó máa wo omi tútù lókèèrè.

Ọ̀rọ̀ àgbo ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sọ fún nọ́ọ̀sì. A kò bú àgbo. Inú ìmọ̀ ìbílẹ̀ ìdílé Ogunyale, láti ilẹ̀ Yorùbá, ni àjọ ìwádìí oògùn NIPRD ní Àbújá ti ṣe oògùn tí wọ́n pè ní Niprisan, tí wọ́n gbé jáde fún títà ní 2006 lórúkọ Nicosan: ìyèré, osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà ló wà nínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ló wọ gbèsè, tí oògùn náà fi di àwátì, ohun tó ṣì ń dun ọ̀pọ̀ wa títí di òní. Àmọ́ wọ́n wọn ìyẹn, wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò. Àgbo inú ìgò tí ẹni kan kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lè ba ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín jẹ́. Kíndìnrín yìí ló sì ń gbé hydroxyurea jáde lára. Tí kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, oògùn á pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń lo àgbo, ẹ sọ ọ́. Kẹ́ ẹ sì sọ fún ẹni tó bá fẹ́ fún ọmọ ní àjẹsára pé ó ń lo oògùn yìí, torí àwọn àjẹsára kan, bíi ti ibà apọ́njú, gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ dókítà kọjá ná.

Fún àwọn tó ní ará ní òkè òkun: oògùn kan tó ń jẹ́ Oxbryta, ilé iṣẹ́ Pfizer kó o kúrò lọ́jà ní gbogbo àgbáyé ní September 2024. Tí ẹnikẹ́ni bá ṣì ní èyí tó kù nílé, ẹ má fún ọmọ.

Ìgbéyàwó, oyún, àti ilé ìwé

Ọ̀dọ́ tó ń lo hydroxyurea lè gbéyàwó, ó sì lè bímọ. Àmọ́ kí òun àti dókítà jọ sọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o. Oògùn náà lè ṣe oyún ní jàǹbá, ó sì lè dín omi ara ọkùnrin kù. Títí dìgbà náà, kí wọ́n fètò sí ọmọ bíbí. Tí obìnrin bá wá rí i pé òun ti lóyún láìròtẹ́lẹ̀, kó má fi pamọ́, kó lọ sọ fún wọn ní kíláńíìkì lọ́jọ́ náà. Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn náà gbọ́dọ̀ béèrè kó tó lò ó.

Fún ọmọ tó wà ní ilé ìwé tí wọ́n ti ń sùn, kí òbí kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ìwé àti nọ́ọ̀sì ibẹ̀. Kí wọ́n kọ síbẹ̀ pé SS ni ọmọ, orúkọ oògùn, iye mílígíráàmù, àkókò tó ń lò ó, nọ́ńbà fóònù òbí, àti pé tí ara rẹ̀ bá gbóná dé 38°C, ọsibítù ni kí wọ́n gbé e lọ kí wọ́n tó pe ẹnikẹ́ni. Ẹ má kó oògùn náà fún ọmọ kó máa tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí láàárín àwọn ọ̀rẹ́. Nọ́ọ̀sì tàbí màtírọ́ọ̀nù ni kẹ́ ẹ kó o lé lọ́wọ́. Kẹ́ ẹ sì ka iye kápúsù tó kù nígbà tí ọmọ bá dé fún ọlidé, kẹ́ ẹ ra òmíràn nígbà tó bá ku ti ọ̀sẹ̀ méjì.